Ẹ Má Gé Owó Oṣù Ẹni Tó Tẹ Lìǹkì: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Òfin Ààbò Kọ̀ǹpútà Níbi Iṣẹ́

Lóṣù tó kọjá ni ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú, pè mí pé kí n wá wo ẹ̀rọ ààbò tuntun tí wọ́n rà sí ọ́fíìsì. Owó tí wọ́n ná lé e lórí tó ra mọ́tò àlòkù tó dúró dáadáa. Mo wọ yàrá àwọn tó ń ṣírò owó, páswọ́ọ̀dù ni ojú mi kọ́kọ́ bá. Wọ́n fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá gbaná jẹ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká bi àwọn ọmọ náà léèrè ìdí. Ìdí ọ̀hún ò pamọ́: ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹ̀rọ tuntun yẹn ń ti kọ̀ǹpútà mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n á tún máa fi páswọ́ọ̀dù ṣí i, àwọn awakọ̀ sì ti tò síta, wọ́n ń dúró de ìwé ẹrù.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà yìí, láti Sábó dé Ìgbógbò dé Ìjẹ̀dẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ń ká mi lára. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ ń náwó. Ẹ ń ra ẹ̀rọ, ẹ ń tẹ ìwé òfin, ẹ ń gba àwọn olùkọ́ wá láti Erékùṣù Èkó. Ẹ ò tíì jókòó béèrè ohun tó ń mú kí èèyàn pa òfin mọ́ nígbà tí ojú ọ̀gá ò sí níbẹ̀. Mo gbà pé ẹ mọ ohun tí OTP ń jẹ́, nọ́ńbà àlòkan tó ń wọ fóònù yín kí ẹ tó lè wọlé, ẹ sì mọ̀ pé kaṣíà méjì ò gbọdọ̀ máa lo páswọ́ọ̀dù kan. Mi ò ní padà síbẹ̀.

1. Ẹ má ṣe òfin tí iṣẹ́ ò lè bá rìn.

Òfin pé kí gbogbo èèyàn máa pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù lóṣooṣù ló burú jù nínú irú rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ máa ń ṣe ni pé yóò mú orúkọ ọmọ rẹ̀, yóò fi nọ́ńbà oṣù sí i nídìí, yóò sì kọ ọ́ sórí bébà tí yóò fi sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Láti ọdún 1999 ni Anne Adams àti Angela Sasse ti gbé ìwádìí jáde ní Ìlú Ọba pé òfin tí kò bá bí iṣẹ́ ṣe ń lọ mu, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ló ń sọ òṣìṣẹ́ di arúfin. Nígbà tó di 2017, NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣètò ìlànà irú nǹkan báyìí, sọ pé kí wọ́n má fi dandan lé pípààrọ̀ mọ́, àfi tí ẹ̀rí bá wà pé páswọ́ọ̀dù ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Síbẹ̀, mo ṣì ń bá òfin oṣooṣù yìí pàdé ní Ìkòròdú lọ́dọọdún.

2. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má rú òfin tí ẹ fọwọ́ sí.

Ọ̀gá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mile 12, wọ́n pe akọ̀wé wọn: "Jọ̀ọ́, fi tèmi wọlé, páswọ́ọ̀dù mi nìyí, kó o bá mi fọwọ́ sí owó yẹn." Gbogbo ọ́fíìsì gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò lè fi ojú kan náà wo òṣìṣẹ́ kí ẹ ní kó má fi páswọ́ọ̀dù rẹ̀ fún ẹnì kejì. Ẹsẹ̀ yín ni wọ́n ń wò, wọn ò wo bébà.

3. Ẹ má fi ìyà kọ́ èèyàn láti dákẹ́.

Èyí ló gbé mi dìde láti kọ̀wé. Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nítòsí Sábó ní kí n bá àwọn kọ òfin ààbò. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹni tó bá tẹ lìǹkì tí kò mọ ibi tó ti wá, ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ yóò lọ. Èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó dá mi lójú pé mo ti ṣe wọ́n lóore.

Lọ́jọ́ Ajé kan, akọ̀wé wọn rí ìmeèlì tó jọ ti báńkì wọn. Ó tẹ lìǹkì inú rẹ̀, ó sì fi páswọ́ọ̀dù ìmeèlì ẹgbẹ́ síbẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ara rẹ̀ fi sọ fún un pé nǹkan kan ò lọ déédéé. Ó gbójú sókè, ìwé mi ló rí. Ọmọ méjì ló ní, ilé ìwé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó panu mọ́.

Títí di ọjọ́ Ẹtì ni àwọn olè fi ń ka ìmeèlì ẹgbẹ́. Wọ́n kọ́ bí akọ̀wé ṣe máa ń kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n wá kọ̀wé sí wọn ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ pé àkáǹtì ti yí padà. Àwọn mélòó kan ti sanwó kí ìyá eléja kan láti Ẹ̀bútè tó mú tẹ́là wọn wá, tí ìyá náà sì bi wá pé orúkọ ta nìyí tí báńkì kọ síbẹ̀.

Ká ní ó pè mí lọ́jọ́ Ajé ni, iṣẹ́ tí kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ ni: ká pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, ká lé gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé jáde, ká kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wá bi mí pé èló ni kí wọ́n gé lówó oṣù rẹ̀, ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Òfin tí mo kọ ló kọ́ ọ láti dákẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọn ò gé kọ́bọ̀.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún iléeṣẹ́ ní wákàtí 72, láti ìgbà tó bá ti mọ̀, láti fi tó Àjọ Ààbò Dátà létí bí dátà àwọn èèyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́nà tó lè pa wọ́n lára. Báwo lẹ ó ṣe mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tó rí i ń ro owó ilé ìwé ọmọ?

Ẹ̀rù nìkan kì í ṣiṣẹ́. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, R. W. Rogers, gbé èrò kan kalẹ̀ ní 1975, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1983. Lójú tiẹ̀, kí èèyàn tó gbé ìgbésẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbà pé ewu náà lè dé bá òun. Ó gbọ́dọ̀ gbà pé ohun tí a ní kó ṣe máa yọ òun. Ó sì gbọ́dọ̀ gbà pé agbára òun ká a. Ẹ̀yin ń bù ú ní ewu, ẹ wá dá méjì tó kù sí. Ẹni tí ẹ̀rù bà tí kò rọ́nà gbà, ojú ló máa gbé kúrò.

Nísinsìnyí, nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ni mo ń lẹ̀ mọ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sì máa gbé e mọ̀ pé "O ṣeun tó o tètè sọ" ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Òru ni wọ́n máa ń pè mí nígbà mìíràn, lórí nǹkan tí kò tó nǹkan. Mo ń dìde. Ẹni tó ń ta orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà yàtọ̀ o. Olè nìyẹn, ilé ẹjọ́ ló tọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n àṣìṣe yìí tún wà: pańpẹ́ owó ọdún. Lóṣù Kejìlá ọdún 2020, GoDaddy, iléeṣẹ́ tó ń ta orúkọ ìkànnì ní Amẹ́ríkà, fi ìmeèlì àdánwò ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé wọ́n máa gba $650 gẹ́gẹ́ bí owó ọdún. Irọ́ ni, àdánwò lásán ni, láti mọ ẹni tó máa tẹ lìǹkì. Wọ́n padà tọrọ àforíjì. Mo ti rí ọ̀gá kan níbí tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ dán wọn wò tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tí ebi ń pa wọ́n sí tàn wọ́n.

Ìwé òfin olójú ewé ogójì: kò sẹ́ni tó máa kà á.

Sẹ́mínà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún: ìrẹsì ni wọ́n máa rántí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní Yorùbá, pẹ̀lú irú tẹ́síìtì tó wọ fóònù ẹnì kan nínú wọn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ló ń wọlé.

Ẹ má gbàgbé mẹ́gáàdì àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Mẹ́gáàdì ló ń ṣí géètì fún ẹni tó ní òun wá tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ ò sì sọ fún un rí pé ó lè ní kó dúró ná kóun kọ́kọ́ béèrè.

Ní Odógunyàn, a sún ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tẹ bọ́tìnnì Windows àti L pọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde, kí kọ̀ǹpútà lè tì pa. A pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ògiri náà. Mo bi ọ̀gá bóyá àwọn ló ní kí wọ́n kùn ún. Wọ́n ní rárá, àwọn ọmọ náà ló dáwó ọ̀dà láàárín ara wọn.