Bí A Ṣe Ń Tọpa Àlọ́ Kan Láti Ilẹ̀ Dé Ilẹ̀: Ère Alátè

Ìjàpá ń jí iṣu lóko olóko. Olóko gbẹ́ ère, ó fi àtè kùn ún, ó gbé e sáàárín ebè. Ìjàpá kí ère, ère ò dáhùn. Ó fọ́ ọ létí, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Àlọ́ yìí ti rìn jìnnà, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀dà kan wé òmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà rẹ̀. Antti Aarne, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún àlọ́ ní nọ́ńbà ní 1910. Stith Thompson fẹ̀ ẹ́ ní 1928 àti 1961, Hans-Jörg Uther sì tún un tò ní 2004. ATU 175 ni ti ère alátè; lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn mẹ́ta yìí, Aarne, Thompson àti Uther, ni ATU. Bó bá jẹ́ orúkọ Ìjàpá lẹ fi ń wá a, ẹ ò ní rí ti Amẹ́ríkà, torí Ehoro ni olè níbẹ̀.

Ẹ kó ẹ̀dà márùn-ún jọ, ó kéré tán. Bí wọn ò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tí ìlú yí padà yàtọ̀ sí èyí tí apàlọ́ kan ṣoṣo gbàgbé. Lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó pa á, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ìlú, ọdún àti èdè. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Ìwé Joel Chandler Harris, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó kọ ẹ̀dà Ehoro sílẹ̀, jáde ní 1880, àmọ́ ẹnu àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ní oko kan nítòsí Eatonton, ní Georgia, ni òyìnbó náà ti gbọ́ irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ọdún ìtẹ̀wé kì í ṣe ọjọ́ orí àlọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín bébà sí ìlà mẹ́fà: olè, ohun tó jí, ẹni tó dẹ pàkúté, ohun tó ń lẹ̀, ohun tó bí olè nínú, àti òpin.

Ohun tó ń lẹ̀ kò le: ohun tó wà nítòsí ni. Àtè ni níbí; ní Georgia, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi tọpẹntáìnì lú ni.

Ìlà karùn-ún ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ehoro Harris náà kí ère ọ̀dà, kò gbọ́ ìdáhùn, ó sì lóun máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ní ìtàn 55 nínú Jataka, àkójọ ìtàn àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Buddha, kò sí ìkíni rárá. Ọmọ ọba kan ń bá ànjọ̀nnú onírun jà. Ọfà, idà, ọ̀kọ̀ àti kùmọ̀ lẹ̀ mọ́ irun náà, lẹ́yìn wọn ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì àti orí. Lílẹ̀ níbi márùn-ún yìí wà lára ohun tí Aurelio Espinosa, onímọ̀ nípa àlọ́, gbẹ́kẹ̀ lé ní 1930 láti sọ pé Íńdíà ni orísun. Lójú tiwa, ẹ̀rí náà fúyẹ́: ara ẹnikẹ́ni ló ní ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, orí kan. Ìkíni tí kò rí ìdáhùn wúwo jù ú lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlà kẹta. Nínú àlọ́ àwọn Ashanti ilẹ̀ Ghana tí R. S. Rattray tẹ̀ jáde ní 1930, Ananse, aláǹtakùn ẹlẹ́tàn inú àlọ́ wọn, fúnra rẹ̀ ló fi oje igi kun ère, tó gbé iṣu gígún síwájú rẹ̀, kó lè mú iwin kan. Pàkúté kan náà ni, àlọ́ mìíràn. K741, nọ́ńbà tí Thompson fún pàkúté nìkan, ni kí ẹ kọ síbẹ̀; ẹ má kà á mọ́ 175.

Òpin ló ń tàn èèyàn jù. Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n sábà máa ń mú Ìjàpá, wọ́n á lù ú, ojú á tì í. Harris dá tirẹ̀ dúró lójijì, ó wá parí rẹ̀ ní orí mìíràn: Ehoro bẹ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pé ohunkóhun ni kó ṣe fóun, kó má ṣáà ju òun sínú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Wọ́n jù ú síbẹ̀, ó sá lọ. Ó rọrùn láti sọ pé ìfẹ́ òmìnira àwọn ẹrú ló dá òpin yìí sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun ló mú wọn fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ àlọ́ mìíràn, ATU 1310, ni wọ́n so mọ́ ọn: ìjàpá tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ju òun sómi wà ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nítorí náà, ẹ wá nọ́ńbà òpin lọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣàlàyé rẹ̀.

Bí ẹ bá ń gba ẹ̀dà lẹ́nu àgbà, ẹ tan fóònù kí ó tó ní “Ààlọ́ o!”, ẹ má dá a dúró, ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ gbe orin. Orin ni ìwé kọ́kọ́ máa ń sọ nù. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, yálà Ìjẹ̀bú ni o tàbí Èkìtì. Ẹ má sọ ọ́ di Yorùbá àjùmọ̀lò, torí ẹ̀ka-èdè náà lè tọ́ka sí ìlú tó ti wá.