Ryzen 3 2200G ni mo fẹ́ mú sáré, ráàmù ló gbà mí

"Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò mi ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́." Àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, tó ń ṣe géèmù GTA V. Mo ní ọpọlọ ló ń dà á láàmú, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́. Àwàdà ni mo fi ṣe. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe ti olówó. Ryzen 3 2200G ni ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn processor, èyí tí ilé iṣẹ́ AMD gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2018 ní dọ́là 99. Kò ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Inú ọpọlọ yẹn náà ni èyí tó ń ya àwòrán sójú rẹ̀ wà, Vega 8 ni wọ́n ń pè é. Ohun tó mú mi rà á gan-an nìyẹn, nítorí nígbà tí mo béèrè iye káàdì àwòrán ní Computer Village n'Íkẹjà, ńṣe ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ìwé ìpè ìnáwó àti pátákó ìkéde ni mo fi ń ṣe níbí n'Íbàdàn. Géèmù jẹ́ ti àbúrò mi.

Mo pinnu láti overclock ọpọlọ náà kí géèmù rẹ̀ lè yára. Overclock ni pé kí èèyàn ní kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ṣiṣẹ́ kíákíá ju iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí lọ. Wọ́n ṣe 2200G kó máa sáré ní 3.5 GHz, kó sì máa fò dé 3.7 bí iṣẹ́ bá dé. AMD ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí i kọjá ibẹ̀. Àmọ́ motherboard, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ki ọpọlọ mọ́, lè ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹni tó bá ra bọ́ọ̀dù A320 nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, kò ní lè ṣí ọpọlọ rẹ̀. B350 àti B450 máa ń gbà. B450 ni tèmi, mo dúpẹ́. Ohun kan tún wà: wọn kì í gba ọpọlọ tí overclock bà jẹ́ padà. Tèmi ti kọjá àkókò ìdánilójú, ìyẹn warranty, tipẹ́, kò sí ohun tí mo fẹ́ pàdánù yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Ooru ni mo kọ́kọ́ wò. Mo ṣí HWiNFO, ètò tó ń ka ooru ẹ̀rọ, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì tíì yí nǹkan kan padà, ó sì dé dígírì 81. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún ọpọlọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì yọ lẹ́nu. Nígbà tí mo ṣí kéèsì, eruku ọyẹ́ ti di irun mọ́ abẹ́ fáànù. Mo pinnu láti tú u, kí n sì pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín fáànù àti ọpọlọ, thermal paste.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ara ọpọlọ AM4, irú tèmi, fúnra rẹ̀ ni ẹsẹ̀ onírin rẹ̀ wà, 1,331 ni gbogbo wọn, wọ́n sì tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí ìpara bá ti gbẹ, tí ẹ̀rọ sì tutù, ó máa ń dì bí gọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fa fáànù sókè gbọnrangandan, ó lè fa ọpọlọ jáde pẹ̀lú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin tó dè é mọ́lẹ̀ ṣì wà ní títì, kí ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta sì tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti fojú mi rí i lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, tó fi abẹ́ tún ẹsẹ̀ yẹn ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà mo jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìpara lè rọ̀, mo pa á, mo yọ okùn iná, mo tú skúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wá ń yí fáànù sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbà. Mo fi sípíríìtì tí mo rà ní kẹ́míìsì nu ìpara àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun sí i, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Dígírì 81 di 69. N kò tíì fọwọ́ kan BIOS, ibi tí wọ́n ti ń yí ètò motherboard padà kí Windows tó ṣí, rárá nígbà yẹn.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ BIOS. Mo gbé ìyára sí 3.8 GHz pẹ̀lú fóltì 1.3, ó gbà. Mo gbé e sí 3.9 pẹ̀lú 1.35, ó gbà. Ní 4.0, mo fún un ní fóltì 1.4, Windows ṣí, inú mi dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ojú kọ̀ǹpútà wá di búlúù. N kò fẹ́ kí iná tí mo ń fún un kọjá 1.4, torí náà mo padà sí 3.9. Cinebench R15, ìdánwò tó ń fún ọpọlọ ní máàkì, tó fún mi ní 563 tẹ́lẹ̀ fún mi ní 607.

Mo pe àbúrò mi. Ó jókòó, ó wa mọ́tò yí ìlú ká. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀pọ̀lọ́ ṣì ni o." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àfi ìgbà tí mo lo ìdánwò tó wà nínú géèmù náà fúnra rẹ̀. Kí n tó overclock, àwòrán 34 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìwọ̀n àwòrán 720p. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà mi, 35.

Ohun tó fà á kò lọ́jú pọ̀ tí èèyàn bá jókòó rò ó. Vega 8 ní ẹ̀ka mẹ́jọ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ fojú inú wo olóńjẹ mẹ́jọ nínú ilé ìdáná kan, tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló ń pọnmi fún gbogbo wọn. Káàdì àwòrán tó dá dúró máa ń ní kànga tirẹ̀ nínú ilé, ìyẹn mẹ́mọ́rì tirẹ̀. Èyí tó wà nínú ọpọlọ kò ní, ráàmù kọ̀ǹpútà ló ń yá lò, ọpọlọ náà sì ń yá a lò pẹ̀lú. Ráàmù kan ṣoṣo, 8 GB, ní ìyára 2400, ló wà nínú tèmi. Ohun tó lè gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju 19.2 GB lọ. Bí ó bá jẹ́ méjì tó ń rìn lójú ọ̀nà méjì, 38.4 ni. Mo wá ń kó igi ìdáná fún àwọn olóńjẹ kí wọ́n lè yára sè, omi ni wọn ò rí!

Mo ta ráàmù àtijọ́, mo fi owó kún un, mo ra méjì tó jẹ́ ìbejì, 8 GB lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ 3000 sí lára. Mo kì wọ́n bọ ihò, mo tan ẹ̀rọ, mo sáré lọ ṣe ìdánwò. Àwòrán 35. Orí mi fẹ́ẹ̀ fò lọ. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ fún ẹni tó ta á fún mi kí n tó rántí ṣí CPU-Z, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni mo rí i tó kọ "Single", ìyẹn ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni mo ki wọ́n sí, ojú ọ̀nà kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń gbà. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ ni wọ́n ń lò. Inú ìwé motherboard ló wà, ìwé tí mo fi ń di ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà mì. Mo pààrọ̀ ihò, 2400 náà ṣì ni ìyára ráàmù, 35 sì di 52. Mo wọ BIOS, mo tan XMP kí ráàmù lè sáré dé 3000 tí wọ́n kọ sí i lára, ó di 59.

Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ mọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ fi 3200 sí i." Ẹnu rẹ̀ ló kó bá wa. Mo fi 3200 sí i, ẹ̀rọ tàn, ó kú, ó tàn, ó kú, lẹ́yìn náà fáànù ń yí ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Mo ní ìwé ìpè ìyàwó láti fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo yọ okùn iná, mo wá irin méjì kékeré tí wọ́n kọ CLR_CMOS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi ẹnu skúrùdíráfà kan méjèèjì pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. BIOS gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ fún un, ẹ̀rọ sì jí. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń fi fóònù ya fọ́tò ojú BIOS kí n tó yí ohunkóhun padà.

Ráàmù tó tàn kò túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ yá. Ó lè máa ṣe àṣìṣe wẹ́wẹ́ tó máa ba fáìlì oníbàárà jẹ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. MemTest86 ni wọ́n fi ń wádìí rẹ̀, inú fláàṣì ló ti ń ṣí, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Alẹ́ àkọ́kọ́, ó ti dé ìpele kẹta nínú mẹ́rin nígbà tí NẸ́PÀ mú iná wọn lọ. N kò lè tan jẹnẹrétọ̀ láago méjì òru nítorí ìdánwò ráàmù, àwọn ará ilé yóò lé mi jáde. Alẹ́ kejì, ó parí, kò rí àṣìṣe kankan ní 3000.

Ó ku Vega 8 fúnra rẹ̀. 1,100 MHz ni wọ́n ṣe é sí. Mo ń gbé e sókè ní ìgbésẹ̀ ọgọ́rùn-ún, ó gbà ní 1,300, ó gbà ní 1,400. Ní 1,500, ojú kọ̀ǹpútà dà bí àǹkárá tí wọ́n tú sínú omi, àwọn àpótí pupa àti àwọ̀ ewé káàkiri. Mo fi iná rẹ̀ sí fóltì 1.2, ojú rẹ̀ mọ́. Àwòrán 70. Alẹ́ ọjọ́ náà, mo sùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Oṣù Kẹta ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń wí. Ní aago méjì ọ̀sán, páánù òrùlé ń ké, ìyẹ̀wù mi dà bí ààrò. HWiNFO ń kà 88, 91, 94. Ní 95, ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà jóná, géèmù sì já sí 48. Ọpọlọ àti Vega wà lábẹ́ ìdérí kan náà, ìpara lásán sì ni AMD fi sáàárín wọn àti ìdérí yẹn ní 2200G, kì í ṣe irin tí wọ́n yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ooru tí ọ̀kan bá mú wá, àwọn méjèèjì ló máa jẹ ẹ́. 3.9 GHz tí mo fi ń yangàn ń gba ibi tí Vega ìbá fi mí.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò. Mo dá ọpọlọ padà sí bí AMD ṣe ṣe é. Mo fi Vega sí 1,400 pẹ̀lú fóltì 1.15, mo fi ráàmù sílẹ̀ ní 3000, mo sì ya 2 GB sọ́tọ̀ fún àwòrán nínú BIOS, ó ku 13.9 fún Windows. Ọ̀sán gangan, dígírì 83, àwòrán 66. Lálẹ́, 74, àwòrán 67.

Ní àná, àbúrò mi tún ní kí n fi 3200 dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, pé bóyá ọjọ́ yẹn ni kò dáa. Mo ti fi skúrù de kéèsì, mo sì gbé skúrùdíráfà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.