Láti Abẹ́òkúta sí Erédò Súngbọ́ àti Ẹ̀pẹ́: àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan

Ẹni tó dàgbà sí Abẹ́òkúta kò ní í ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ odi. Odi àti yàrà làwọn Ẹ̀gbá fi dènà ogun Dàhòmì ní 1851, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1864. Ṣùgbọ́n yàrà kan wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ti wà nílẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí tiwa tó dé, tó sì yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bí kìlómítà 160. Òun ni Erédò Súngbọ́. Téèyàn bá ti dé ibẹ̀, Ẹ̀pẹ́ tó wà létí ọ̀sà kò jìnnà mọ́. Èèyàn lè rí méjèèjì kó sì sun ilé rẹ̀ lálẹ́, tó bá ti tètè jáde tó sì ní afinimọ̀nà gidi.

Erédò láàárọ̀, Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án: ẹ má dojú ètò yìí rú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ kọ́kọ́ dé ọjà ẹja torí pé àárọ̀ ni ẹja ń pọ̀ jù níbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹja tí ẹ bá rà láago mẹ́sàn-án àárọ̀ lè ti bàjẹ́ kí ẹ tó padà dé Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀sán ni òjò sábà máa ń kó jọ, ibi tó sì burú jù láti wà nígbà tí òjò bá dé ni ìsàlẹ̀ yàrà.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dáa jù. Ilẹ̀ pupa ni gbogbo ara yàrà náà. Bí òjò bá pa á, ó ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní wàhálà tirẹ̀, torí wèrèpè ti gbẹ nígbà yẹn, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń gbé irun rẹ̀ kiri. Ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù alápá gígùn àti bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Bí wèrèpè bá bà yín, ẹ má fọwọ́ họ ọ́, ńṣe lẹ máa tàn án kálẹ̀. Ẹ lẹ sẹlotéèpù mọ́ ojú ibẹ̀ kí ẹ sì fà á yọ. Irun náà á bá a wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi fọ ọ́.

Ẹ yẹra fún ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọjọ́ Ojúde Ọba ni, Ìjẹ̀bú-Òde kì í gbẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìmọ́tótó àyíká á dá ọkọ̀ dúró láàárọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kò burú, àmọ́ bí ẹ bá pẹ́ dé, àwọn tó ń bójú tó sàréè Súngbọ́, obìnrin tí wọ́n ní ó gbẹ́ yàrà náà, ní Òkè-Ẹ̀rì nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, lè ti lọ kírun.

Ọkọ̀

Sienna á gbé èèyàn mẹ́fà láìfún ara wọn pa. Bọ́ọ̀sì elérò 14, ẹ má kó ju 12 lọ sínú rẹ̀, torí pé kúlà ẹja gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa jókòó sí. Ṣátà ni kí ẹ gbà, ẹ má wọ ọkọ̀ èrò, torí kò sí awakọ̀ èrò tó máa dúró dè yín ní Òkè-Ẹ̀rì.

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ bá awakọ̀ sọ kí ẹ tó fọwọ́ kan owó: ẹni tó máa ra epo, iye wákàtí tó máa dúró, ẹni tó máa bọ́ ọ, àti pé ẹ máa gbé ẹja bọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dà bí ohun kékeré, àfi ìgbà tí omi ẹja bá dà sórí kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ san ìlàjì owó láàárọ̀, kí ẹ san ìyókù ní Abẹ́òkúta. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ní kí ó fi táyà àpòjù, jáàkì àti sípánà hàn yín, kí ẹ fojú ara yín rí wọn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ọkọ̀ ṣí ní Kútọ̀. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín pé aago márùn-ún ààbọ̀ ni. (Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀.) Ó tó nǹkan bí kìlómítà 60 láti Abẹ́òkúta sí oríta Ṣágámù, tí ẹ bá gba ọ̀nà Kọ́bàpẹ́. Ní oríta náà, ọ̀nà Benin ni kí ẹ dojú kọ. Awakọ̀ tó bá ṣèèṣì bọ́ sí ọ̀nà Èkó á rìn jìnnà kó tó ríbi yí padà. Lápapọ̀, bí kìlómítà 100 ni Abẹ́òkúta sí Ìjẹ̀bú-Òde, wákàtí méjì bí ọ̀nà bá dáa. Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ jẹ́ bí 30.

Oúnjẹ àárọ̀, kí ó jẹ́ nǹkan fúyẹ́: àkàrà àti ògì, tàbí búrẹ́dì. Láfún kì í ṣe oúnjẹ ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà; ẹ jẹ́ kó di alẹ́. Omi ńkọ́? Àpò píọ̀ wọ́tà kan ní ọ̀rá 20, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ìyẹn lítà mẹ́wàá nínú àpò kan. Èèyàn kan á mu tó lítà méjì lọ́jọ́ náà, nítorí náà èèyàn 12 nílò àpò méjì ààbọ̀. Ẹ kúkú ra mẹ́ta. Owó náà, ẹ ṣẹ́ ẹ sí kéékèèké láti ilé. Ẹni tó bá na ẹgbẹ̀rún kan sí ọlọ́kọ̀ ojú omi fún owó tí kò tó bẹ́ẹ̀ á gbọ́ “kò sí ṣéńjì” ni.

Afinimọ̀nà

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kí ẹ ti wá a, kí ẹ sì tún pè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó ń gbé ní Òkè-Ẹ̀rì gan-an ló yẹ yín, kì í ṣe ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde tó ní òun mọ ọ̀nà. Yàrà náà gba inú oko àti igbó kọjá, àwọn ibì kan ti dí pátápátá, ibòmíì wọ́n ti kọ́lé lé e. Onílẹ̀ nìkan ló mọ ibi tó ṣì mọ́ tó sì jinlẹ̀.

Ẹ bi í léèrè: apá ibo nínú yàrà lo ń mú wa lọ? Ìrìn ìṣẹ́jú mélòó ni láti ibi tí ọkọ̀ á dúró? Ta ló ń gba owó àbẹ̀wò, ṣé owó rẹ wà nínú rẹ̀ àbí ọ̀tọ̀ ni tìrẹ? Bó bá dáhùn pé “ẹ ṣáà máa bọ̀, a máa rí i ṣe,” ẹ wá ẹlòmíì.

Ìbéèrè kan tún wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé, tí àwọn obìnrin bá wà láàárín yín. Ní Òkè-Ẹ̀rì ni sàréè tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Bílíkísù Súngbọ́ wà. Àṣà ibẹ̀ ni pé obìnrin kì í wọlé débi sàréè náà. Ajá náà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ bèèrè ibi tí obìnrin lè dé, kí ẹ sì sọ ọ́ nílé kí ẹ tó gbéra. Ẹ̀yin ẹ wo obìnrin mẹ́fà tó jí láago mẹ́rin òru, tí wọ́n wá ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì torí ẹnì kan kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìjà ọjọ́ náà kì í tán bọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú kí ẹ tó yọ fóònù láti ya àwòrán. Fìlà á bọ́, bàtà á bọ́ níbi tí wọ́n bá ní kí ó bọ́.

Nínú yàrà

Ẹni tó bá ń retí òkúta tàbí bíríkì á dé ibẹ̀ á ní kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́, erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde náà ni wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó fi di odi. Nítorí náà, láti ìsàlẹ̀ yàrà títí dé orí odi ni wọ́n ń ka gíga rẹ̀, ó sì tó mítà 20 láwọn ibì kan, bí ilé alájà mẹ́fà. Ewé àti erùpẹ̀ tó ti ń ya wọ inú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá ti dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ ń rí kò tó ohun tí wọ́n gbẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ dúró lókè fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ojú yín mọ ohun tó ń wò. Ẹ wá bí ilẹ̀ ṣe ga lọ́wọ́ kan tó sì gé wẹ́lẹ́ lọ́wọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì sì ṣófo. Báàgì á wà lẹ́yìn, fóònù á wà lápò. Ẹ má di gbòǹgbò igi mú kí ẹ tó fà á wò, òmíràn ti jẹrà nínú. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ihò kankan lára ògiri. Ejò lè wà níbẹ̀.

Nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á tutù sí yín lára lójijì. Ògiri yàrà dúró ṣánṣán bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ewédò bò ó lára bí aṣọ, àmọ́ níbi tí kò bá ti bò ó, ẹ á rí ilẹ̀ pupa tó le bí ìkòkò, pẹ̀lú àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tó yọ jáde lára rẹ̀. Gbòǹgbò igi lókè rọ̀ sísàlẹ̀ bí okùn. Ẹ fojú wò ó, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ kọ orúkọ sára rẹ̀. Ewédò tí ẹ bá họ kúrò ni òjò á gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ògiri á ti máa ya.

Ẹni tó wọn yàrà náà tí ayé fi gbọ́ ni Patrick Darling, ní àwọn ọdún 1990. Ó ṣírò rẹ̀ pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó tó mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 3.5. Bí típà kan bá gbé mẹ́wàá, típà 350,000 nìyẹn, ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Orúkọ yàrà náà ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé láti 1995.

Afinimọ̀nà yín á sọ pé Bílíkísù yìí ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Ànábì Sulaimọ́nù. Ó lè sọ pẹ̀lú pé opó olówó tí kò bímọ ni, pé ó gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má baà parẹ́. Ẹ gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn. Ti ọdún ọ̀tọ̀: àwọn kan ní láàárín 800 sí 1000 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, àwọn tó wa ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn wọn ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni. Èyí tó bá wù kó jẹ́, Sulaimọ́nù ti lọ tipẹ́tipẹ́. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀ nídìí sàréè, àwọn tó wá gbàdúrà wà níbẹ̀.

Wákàtí méjì tó fún ibẹ̀. Kí ọkọ̀ ti ṣí ní aago 11 ààbọ̀.

Ẹ̀pẹ́

Ẹ máa gba ìlú Erédò kọjá lójú ọ̀nà. Láti ara yàrà yìí ló ti gba orúkọ. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀: ọ̀sà ló wà ní Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe òkun. Kò sí ìgbì, kò sí iyanrìn funfun. Ìlú apẹja ni, ìlú Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà kan, sì ni pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni ó sá wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, kò sì padà títí di 1862. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀pẹ́ fi pín sí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí dòní.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó lọ ra ẹja. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Ẹ dúnàádúrà owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà lórí ilẹ̀. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kárí gbogbo èèyàn, kí ẹ sì fa bọ́kùlù rẹ̀ wò. Èyí tí kò bá há dáadáa á bọ́ gba orí yọ nínú omi. Tọ́mọdé yàtọ̀ sí tàgbà. Bí ojú ọ̀run bá ṣú lápá ibi kan, ẹ jáwọ́, kódà bí ẹ bá ti sanwó.

Ọjà Olúwo ni ọjà ẹja. “Ẹ kú ọjà o, ajé á wá” ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, owó kọ́. Èpìyà, àrọ̀, òbọ̀kún, akàn, edé, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ojú ẹja tútù á mọ́ gaara, á sì yọ síta. Ẹ ṣí ẹ̀ẹ̀kẹ́ rẹ̀: inú rẹ̀ á pupa, bó bá ti dà bí omi eérú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fìka tẹ ẹran ara rẹ̀. Tí ojú ibẹ̀ kò bá padà, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ìdámẹ́ta ohun tí wọ́n bá pè ni kí ẹ yọ kúrò kí ẹ tó dáhùn, ẹ ó pàdé láàárín. Ẹran igbó náà pọ̀ lágbègbè yẹn; ẹ má ra akíka, òfin kò gbà á, bí wọ́n bá sì bá a nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo yín lẹ máa ṣàlàyé.

Ẹ ní kí wọ́n yọ ìfun àti ẹ̀ẹ̀kẹ́ ẹja kúrò lójú yín, torí ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n yìnyín gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n ẹja: yìnyín nísàlẹ̀ kúlà, ẹja, yìnyín, ẹja, kí ẹ tún fi yìnyín bò ó. Ẹ so ọ̀rá mọ́ ẹnu kúlà. Ẹni tí kò ní kúlà, kó ra ẹja yíyan, kó sì di í sínú bébà, kì í ṣe sínú ọ̀rá. Nínú ọ̀rá ni ooru rẹ̀ ti máa di omi, tí á sì bu.

Àbọ̀

Aago mẹ́ta ààbọ̀, ẹ gbéra, kí ilẹ̀ má baà ṣú yín mọ́nà. Ọ̀nà tí ẹ bá wá náà ni kí ẹ gbà. Ẹnì kan á sọ pé kí ẹ gba Ajah, kí ẹ rí Lẹkí. Gó-síló Lẹkí nírọ̀lẹ́ á gba gbogbo yìnyín inú kúlà yín.

Ẹ lè dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde ra gàrí Ìjẹ̀bú, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Bí ẹ bá délé, ẹ da omi kúlà nù kí ẹ tó jókòó. Ẹja tí ẹ kò bá ní sè lálẹ́, kó wọ fíríìsà. Bí iná kò bá sí, ẹ fi iyọ̀ pa á lára kí ẹ sì dín in lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó.