Bí mo ṣe ka àwòrán ara òkúta Borobudur àti Prambanan

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí Borobudur, tẹ́ńpìlì ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní erékùṣù Jáfà lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n máa ń kánjú gùn lọ láti ya fọ́tò. Èmi ní tèmi pinnu láti ka àwọn àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé ẹ̀kọ́ ni àwọn ọba ìdílé Sailendra, tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà, fi òkúta kọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ sí ìkẹsàn-án. Àwòrán 2,672 ló wà lára rẹ̀, 1,460 nínú wọn sì ń sọ ìtàn.

Kí n tó gòkè, wọ́n fún mi ní sálúbàtà híhun tí wọ́n ń pè ní upanat, kí bàtà àwọn àlejò má baà jẹ òkúta, wọ́n sì fún mi ní afinimọ̀nà kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a má tíì gòkè tààrà. Ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn la gbà wọlé, a sì yà sí apá òsì, kí tẹ́ńpìlì lè máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa bí a ṣe ń yí i ká, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́rin ló wà lórí ara wọn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà òkè lára ògiri ńlá nìkan ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí pé ìtàn ọ̀tọ̀ ló wà ní ìlà ìsàlẹ̀, ẹni tó bá sì ń wo méjèèjì pọ̀ kò ní mọ ibi tó kàn. Àwòrán 120 ló wà ní ìlà òkè yìí, ìgbésí ayé Búdà ni wọ́n sì ń sọ: láti ọ̀run kí wọ́n tó bí i, títí dé ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́ nítòsí Benares, ìlú kan ní Íńdíà. Ibẹ̀ ni ìtàn náà dúró sí. Ikú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí mo padà sí ìlà ìsàlẹ̀, mo pẹ́ nídìí àwòrán ọkọ̀ ojú omi ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé irú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n kàn, tí wọ́n sì fi ìgbòkun wà láti Indonéṣíà dé Accra ní Gánà ní ọdún 2004. Ọkọ̀ náà wà nínú mùsíọ́mù tó wà lọ́gbà Borobudur.

Mo yára kọjá ní àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yòókù. Ìtàn Sudhana, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn láti wá ọgbọ́n, ló gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì jọra wọn púpọ̀. Nígbà tí a bọ́ sí àwọn pèpéle roboto òkè, àwòrán tán pátápátá. Stupa, ilé òkúta mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, 72 oníhò tó rí bí agogo, tí ère Búdà jókòó sínú wọn, ló kù. Ẹni tó bá gòkè tààrà yóò rí ẹwà ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú gbogbo ìtàn kúrò lójú òun.

Ní Prambanan, ọgbà tẹ́ńpìlì kan ní Jáfà, tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kọ́ fún àwọn òrìṣà wọn Shiva, Brahma àti Vishnu ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, ìlà-oòrùn àti apá òsì náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ògiri kúkúrú tó yí pèpéle ká ni wọ́n gbẹ́ ìtàn Rama, ọmọ ọba tí àwọn ọ̀bọ ràn lọ́wọ́ láti gba ìyàwó rẹ̀ padà ní erékùṣù Lanka, sí, nítorí náà apá òsì ni ojú gbọ́dọ̀ máa wò. Tẹ́ńpìlì Shiva, tó ga tó mítà 47, ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọ̀bọ bá ṣe afárá lọ sí Lanka tán, tẹ́ńpìlì Brahma ló ti ń bá a lọ. Afinimọ̀nà mi níbẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, bí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Jáfà, síbẹ̀ kò wo ìwé kó tó dárúkọ àwọn tó wà nínú àwòrán fún mi. Ó ní ìdí wayang, eré òjìji tí wọ́n fi awọ ṣe, lòun ti mọ̀ wọ́n láti kékeré. Òun náà ló mú mi fẹsẹ̀ rìn dé Sewu, tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó wà nínú ọgbà kan náà, tó sì dàgbà ju Prambanan lọ.