Bí Mo Ṣe Ṣa Ètò Irin Gbígbé Tí Mo Fi Bẹ̀rẹ̀ ní Jíìmù

Kí n tó wọ jíìmù rárá, ètò irin gbígbé tí mo ti kó jọ sórí fóònù ju ohun tí ẹyọ èèyàn kan lè ṣe láyé lọ. Ọ̀kan ní kí n máa wá lójoojúmọ́ àfi ọjọ́ Àìkú. Ọ̀kan pín ara sí wẹ́wẹ́: àyà ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹ̀yìn ní tirẹ̀, apá ní tirẹ̀, ìdí gba ọjọ́ méjì gbáko. Èyí tí wọ́n kọ "fún obìnrin" sí lórí kò kọjá dọ́ḿbẹ̀lì (irin kúkúrú tí à ń fi ọwọ́ kan gbé) kílò 2, ó ní kí n máa jù ú sókè sódò títí apá á fi máa ta mí. Gbogbo àwọn tó kọ wọ́n ló dá ara wọn lójú, ọ̀rọ̀ wọn ò sì bára mu.

Mo kọ́kọ́ kọ ohun tí mo ní sílẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, nǹkan bíi wákàtí kan lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, àti ara tí kò gbé irin rí. Ohun tí mo ń wá ò ju kí n lágbára lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń fún iṣan lókun, ó kéré tán lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta mi tó mi. Bí ètò ọlọ́jọ́ mẹ́fà ṣe bọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi yẹ àwọn tó kù wò: bí mo bá tún padà wá, kí ni ètò yìí ní kí n ṣe tó ju ti ìṣáájú lọ? Bí kò bá ní ìdáhùn, mo pa á tì. Iṣan ò ní ìdí láti le sí i bí ẹrù tí à ń gbé lé e bá wà lójú kan. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Thomas DeLorme, ló fi ọgbọ́n yìí tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó máa ń wá ìwọ̀n irin tí aláìsàn lè gbé nígbà mẹ́wàá. Bí okun onítọ̀hún bá ṣe ń padà bọ̀, irin náà á máa pọ̀ sí i. Ètò kílò 2 yẹn ò lọ síbì kankan. Lẹ́yìn ìgbà 30, ó ní kí n ṣe 40.

Àwọn tó kọ ọ́ ń dá ẹ̀rù kan lóhùn ni, pé obìnrin tó bá gbé irin wúwo á ki bí ọkùnrin. Testosterone wa, ìyẹn èròjà inú ara tó ń mú kí iṣan ọkùnrin tóbi, kéré gan-an sí ti ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ńlá kì í ṣèèṣì hù sí ẹnikẹ́ni lára; ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ àti oúnjẹ ló ń kọ́ ọ. Ọdún 2000, ní Sydney, ni obìnrin kọ́kọ́ díje nínú irin gbígbé ní Òlíńpíìkì. Àwọn tó fúyẹ́ jù níbẹ̀ ò ju kílò 48 lọ, àwọn tó sì ṣíwájú láàárín wọn gbé irin tó ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara wọn sókè orí. N kò ronú lórí ẹ̀rù yẹn mọ́.

Ó wá ku kí n yàn láàárín ètò tó ń pín ara sí wẹ́wẹ́ àti èyí tó ń kan gbogbo ara lọ́jọ́ kan náà. Èyí kejì ni mo mú. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irin, ọwọ́ rẹ̀ ò sì lè mọ́ ohun tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Ohun mìíràn tún ni pé bí iṣẹ́ bá dí mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ti pàdánù ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn.

Ètò tí mo mú ní ọjọ́ A àti ọjọ́ B tó ń gba ọwọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ A, mo ń lóṣòó pẹ̀lú irin, mo ń ti irin kúrò láyà lórí bẹ́ǹṣì, mo sì ń tẹ̀ síwájú láti fa irin wá sí ikùn. Lọ́jọ́ B, mo ń gbé irin nílẹ̀, mo ń ti irin sókè orí, mo sì ń fa ọ̀pá ẹ̀rọ wá sí àyà láti òkè. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta-mẹ́ta ni (sẹ́ẹ̀tì kan ni iye ìgbà tí mo gbé irin léraléra kí n tó sinmi), ìsinmi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta láàárín wọn. Ìsinmi yẹn ń ṣe mí bí ọ̀lẹ níwájú àwọn tó ń làágùn, àmọ́ ẹni tí kò bá mí dáadáa ò ní lágbára fún sẹ́ẹ̀tì tó kàn.

Ibi tí mo ti ní láti fi ọwọ́ ara mi tún ètò náà ṣe ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n ń fi àwo irin sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. "Fi ọ̀pá òfìfo bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n kọ, bí ẹni pé ọ̀pá òfìfo fúyẹ́. Kílò 20 ni ọ̀pá tó wà ní ọ̀pọ̀ jíìmù. Ti obìnrin wà, kílò 15, ó sì tín-ín-rín díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ lè ká a, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo jíìmù ló rà á. Kílò 20 lórí èjìká ò le, àmọ́ láti tì í sókè orí jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ètò náà tún ní kí n fi kílò 2.5 kún un nígbàkigbà tí mo bá wá. Lórí kílò 60, ìyẹn ò tó nǹkan. Lórí kílò 20, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni! Ẹni tó ṣírò yẹn ò ro èjìká obìnrin mọ́ ọn.

Mo fi dọ́ḿbẹ̀lì rọ́pò ọ̀pá fún títì méjèèjì. Síbẹ̀, láti kílò 5 sí kílò 6 ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú márùn-ún ló fi lé. Nítorí náà, n kì í tètè pààrọ̀ irin. Mo máa bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ fún sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, màá máa fi ẹyọ kan tàbí méjì kún un, ó di ìgbà tí mo bá ṣe méjìlá nínú sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó mú èyí tó wúwo sí i, kí n sì padà sí mẹ́jọ. Jíìmù tó bá ní àwo irin ìdajì kílò ti dín ìyọnu yìí kù.

Gbígbé irin nílẹ̀ náà ní tirẹ̀. Àwo irin ńlá ló máa ń gbé ọ̀pá sókè tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 sí ilẹ̀. Àwo kékeré tí olùbẹ̀rẹ̀ lè gbé ò ga tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pá á wà nísàlẹ̀ nítòsí kókósẹ̀, ẹ̀yìn á sì ká. Mo fi àpótí méjì gbé e sókè. Fún ìlóṣòó, mo kọ́kọ́ di dọ́ḿbẹ̀lì kan mú mọ́ àyà, torí ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn dúró fúnra rẹ̀. Ìgbà tí dọ́ḿbẹ̀lì náà wá wúwo ju ohun tí ọwọ́ lè dì mú ni mo gbé ọ̀pá sí èjìká, láàárín férémù tí wọ́n ti fi irin ààbò sí, kí ọ̀pá lè rí ibi gúnlẹ̀ sí bí mi ò bá lè dìde.

Bí mo ṣe ń mọ ìwọ̀n tó yẹ ni pé nígbà tí sẹ́ẹ̀tì bá parí, ó yẹ kí n ṣì lè ṣe ẹyọ méjì sí i láìba ìdúró jẹ́. Bí mo bá lè ṣe mẹ́fà, ó fúyẹ́ jù. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń kọ sínú ìwé. Bí irin kan bá kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì léra, màá dín in kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, màá tún gun òkè bọ̀. Iṣan tó ń ro mí lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta ò dẹ́rù bà mí, yóò lọ. Ohun tó bá gún mi ní oríkèé lójijì ni mo ń dá dúró fún. Ẹni tó lóyún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó rí dókítà kí ó tó fọwọ́ kan irin.

Ẹni tí kò bá ní ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀ lè ṣe A lọ́jọ́ kan, B lọ́jọ́ kejì, kí ọjọ́ méjì ó kéré tán sì wà láàárín wọn. Irin á lọ sókè díẹ̀díẹ̀ ju ti ọlọ́jọ́ mẹ́ta lọ, ètò náà ò ní bàjẹ́ nítorí ìyẹn.