Búrẹ́dì Faransé Nínú Ilé Ìdáná Mi

Fúláwà, omi, iyọ̀ àti yíìsì ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣúgà sí i. Ohun mẹ́rin yìí náà ni òfin ilẹ̀ Faransé ti 1993 gbé búrẹ́dì ìbílẹ̀ wọn lé.

Gíráàmù 500 fúláwà ni mo máa ń pò mọ́ omi mìlílítà 350, iyọ̀ gíráàmù 10 àti yíìsì gbígbẹ ṣíbí tíì kan. Yóò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ gan-an. Ẹ má torí ẹ̀ da fúláwà kún un, omi yẹn ló ń jẹ́ kí inú rẹ̀ ní ihò. Ẹ bò ó fún wákàtí méjì. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ nà án gùn, kó tún wú fún ìṣẹ́jú 40.

Ẹ fi abẹ tuntun la ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ófùn ti gbóná dé 240°C, kí àwo irin tí omi gbígbóná wà nínú ẹ̀ wà nísàlẹ̀: ooru omi yẹn ló ń mú kí èèpo rẹ̀ le, kó sì máa dán. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25, tí ìdí rẹ̀ bá ń dún kó-kó, ó ti jinná.