Atẹ́gùn ò jẹ́ ká dé Santorini: bí àwa ọmọ Ajílété ṣe gbádùn cruise wa tó dàrú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí látọjọ́ tí mo ti gbé fọ́tò wa sórí status pé ṣé a dé Santorini, erékùṣù Gíríìsì tá a torí ẹ̀ wọ cruise, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé èèyàn ṣe afẹ́ láti èbúté kan sí òmíràn, àbí a ò débẹ̀, a ò débẹ̀ o. Òkèèrè la ti wò ó. Ọkọ̀ wa sún mọ́ ọn, ó dúró díẹ̀, kápítẹ́ẹ̀nì bá gbé màíìkì, ó ní atẹ́gùn ti pọ̀ jù, òun ò lè sọ èrò kalẹ̀, la bá kọjá lọ. Bí Mykonos, erékùṣù Gíríìsì kejì, náà ṣe lọ nìyẹn ṣáájú ẹ̀. Ibi méjèèjì tó wà nínú fọ́tò ìpolówó tó mú wa sanwó, ẹsẹ̀ wa ò tẹ ìkankan. Síbẹ̀ a gbádùn ara wa, a ò sì jà, èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn torí mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Bá a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, torí ẹgbẹ́ tó ń dá àjọ ìrìn àjò lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ báyìí ò kéré.

Ẹgbẹ́ ilé ìwé girama wa ni, obìnrin nìkan. Ìyá Ìbejì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ìgbò ní Ògbómọ̀ṣọ́, Tísà ń kọ́ ọmọ, Alhaja tó ṣíwájú wa ní kíláàsì ń ta aṣọ, ọ̀kan nínú wa fẹ́ ará Ọ̀yọ́, ó ń ta igbá fínfín níbẹ̀, òun là ń pè ní Ìyá Ọ̀yọ́. Dókítà wà ní London. Èmi ni akápò. Àjọ la dá, ó sì pẹ́ ká tó kó o pé torí yúrò ò dúró lójú kan, a wá ní kí Dókítà bá wa wá ọkọ̀. Ohun tá a tẹ̀ mọ́ ọn létí ni pé kó mú èyí tí ò ní yà sí Turkey, torí ọ̀pọ̀ cruise tó ń gbéra ní Piraeus, ìyẹn èbúté Athens, ló máa ń yà síbẹ̀, bó bá sì ti yà, ọ̀rọ̀ físà míì dé nìyẹn, físà Schengen yín, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ fi wọ Yúróòpù, náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ẹni tí wọ́n fún ní ẹlẹ́ẹ̀kan tó bá ti jáde, báwo ló ṣe fẹ́ padà wọlé? Tiwa ò kúrò ní Gíríìsì. Oṣù kẹjọ la lọ, ìgbà yẹn ni Tísà wà ní họ́lídé.

Oṣù kẹjọ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Atẹ́gùn kan wà lórí òkun wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní meltemi, apá àríwá ló ti ń fẹ́ wá, oṣù keje àti ìkẹjọ ló máa ń le jù, ó sì lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìdá. Ohun tó ń da èèyàn lójú rú ni pé oòrùn á máa ràn, ojú ọ̀run á mọ́ kedere. Ní tiwa nílé, tí atẹ́gùn bá ti ń ṣí páànù, a mọ̀ pé òjò ń bọ̀, ẹ sáré lọ kó aṣọ. Níbẹ̀, ojú ọ̀run mọ́, òkun ń ru. Ìdí nìyẹn tí àwọn èrò fi ń sọ pé kápítẹ́ẹ̀nì ń purọ́, wọ́n á ní ẹ sáà wo oòrùn níta.

Santorini tún wá yàtọ̀, ọkọ̀ ńlá irú tiwa kì í fara kan ilẹ̀ níbẹ̀ rárá. Òkè iná ló bú ní nǹkan bí 1600 ṣáájú ìbí Jésù, àárín erékùṣù náà wó lulẹ̀, òkun sì kún un, omi ibẹ̀ jìn gan-an, òkè ló sì ga gègèrè létí ẹ̀. Ọkọ̀ ńlá á dúró lójú omi, ọkọ̀ kékeré á máa kó èèyàn lọ sí èbúté àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìlú Fira, látibẹ̀ ẹ ó wọ ọkọ̀ orí wáyà, tàbí kẹ́ ẹ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tàbí kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 500. Ẹ wá wo màmá àgbàlagbà tó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ látinú ọkọ̀ ńlá bọ́ sínú kékeré tí ìgbì ń gbé lọ sókè sódò. Èmi ò bínú sí kápítẹ́ẹ̀nì o.

Àwọn tó bínú, ìwé àdéhùn ni wọn ò kà. Dókítà ti kà á fún wa lórí WhatsApp ká tó sanwó, à ń ráhùn pé ó ti pọ̀ jù: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ láṣẹ láti fo èbúté tó bá wù wọ́n, wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, wọ́n lè yí àkókò padà, kò sì sí ohun tí wọ́n jẹ yín ju owó èbúté yẹn lọ. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo àwọn tó wá tò síwájú káńtà tí wọ́n ń lù ú pé ẹ dá gbogbo owó wa padà, ariwo lásán ni. Àwa tá a ti ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ látilẹ̀, tá a mọ̀ pé ẹni tó ní òun á dé ní aago méjì lè dé ní mẹ́jọ alẹ́, ta la fẹ́ bá jà?

Owó la kọ́kọ́ bójú tó. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí káńtà àfi èmi àti Dókítà, torí tí gbogbo wa bá lọ, kálukú á gbọ́ tiẹ̀ bọ̀. A jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀, ó di alẹ́ ká tó lọ, kò sì sí ẹni tó tò síbẹ̀ mọ́. Owó èbúté, wọ́n dá a padà sínú àkáǹtì káàbìn wa, kì í sì í ṣe owó kékeré mọ́ torí láti 2025 ni ìjọba Gíríìsì ti ń gba 20 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá tinú cruise sọ̀ ní Santorini tàbí Mykonos nígbà tí èrò bá pọ̀ jù, ẹni tí ò sì sọ̀ ò jẹ wọ́n. Ìrìn àjò orí ilẹ̀ tá a rà lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló padà láìjẹ́ pé a bẹ ẹnikẹ́ni. Àfi Tísà àti Ìyá Ìbejì tí wọ́n ti sanwó fún onífọ́tò kan níta, irú àwọn tó máa ń fún èèyàn ní gáùn gígùn tí atẹ́gùn á máa fẹ́ lórí òkè yẹn. Kí wọ́n tó sanwó ni Dókítà ti ní kí wọ́n bi í pé tí ọkọ̀ ò bá dúró ńkọ́, ọkùnrin náà sì fèsì lórí ìwé pé òun á dá a padà. Ìwé yẹn la fi ránṣẹ́ sí i ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì dá a padà. A tún gba létà pé lóòótọ́ ni ọkọ̀ ò dúró síbẹ̀, fún ìnṣọ́ránsì. Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó sọ̀, tẹ́ ẹ bá ti délé tán, ta lẹ fẹ́ pè?

Lẹ́yìn owó, ó wá ku ẹnu. Ibí ni ìrìn àjò ọ̀rẹ́ ti máa ń bàjẹ́ sí, kì í ṣe lójú omi. Ìyá Ìbejì ti bẹ̀rẹ̀: “Ká ní ẹ gbọ́ tèmi ni, ṣebí Dubai ni mo ní ká lọ.” Alhaja ò jẹ́ kó parí ẹ̀. “Ẹni tó bá tún sọ ‘ká ní’ nínú ọkọ̀ yìí, á ra mínírà fún gbogbo wa.” Mínírà ò sì sí lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn o, wọ́n á fi sí àkáǹtì rẹ ni. Mo ṣí ojú ewé kan fún ìtanràn “ká ní” nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Dókítà sọ ọ́, Tísà sọ ọ́, Alhaja gan-an sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ẹ má bínú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì lówó lẹ́yìn, kò bẹ̀rù, ó kàn ń sọ ọ́ lọ ni. Nígbà tó fi máa dalẹ́, ẹ̀rín là ń fi ọ̀rọ̀ náà rín.

A tún fẹnu kò pé ká má ṣe kó jọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kálukú á lọ síbi tó wù ú, oúnjẹ alẹ́ nìkan la ó jọ jẹ. Alhaja sùn, ó kírun, ìṣòro ẹ̀ ò ju pé ọkọ̀ ń yí, kíbílà náà wá ń yí lójú fóònù ẹ̀. Ìyá Ọ̀yọ́ gbé ọpọ́n ayò kékeré kan dání, ó tẹ́ ẹ sí dẹ́kì níbi tí atẹ́gùn ò dé, ṣé ẹ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan láti Philippines kàn jókòó tì í ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta? Ó ní àwọn ní irú ẹ̀ nílé, sungka ni wọ́n ń pè é, ilé méje ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tiwọn, tiwa mẹ́fà, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48 lápapọ̀. Ó kọ́kọ́ ń pàdánù, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ìyá Ọ̀yọ́ fún un ní igbá fínfín kékeré kan, láti ìgbà náà lọ, tíì wa kì í pẹ́ dé.

Tísà ni òkun bá jà. Ó bì títí. Ẹ gbọ́ o, oògùn èébì òkun, kó tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ tán kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Atalẹ̀ tí mo dì dání ló jẹ lẹ́nu títí, òṣìṣẹ́ kan gbé ápù tútù àti bisikíìtì wá, Dókítà wá mú un lọ jókòó sí àárín ọkọ̀ nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni kì í mì jù, ó ní kó máa wo ibi tí òkun àti ojú ọ̀run ti pàdé, kó má wo fóònù. Káàbìn wa tí ò ní fèrèsé, tó wà nísàlẹ̀ nítorí pé ó rọjú, àwọn tó sanwó ńlá lókè wá ń jowú ẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ẹ wá kó wa lọ síbi tí búrẹ́dì ti jẹ́ oúnjẹ. Alhaja ti fẹ́ di kílíṣí, Ìyá Ìbejì fẹ́ gbé wàrà, mo ní rárá o, ẹran àti ohun tó bá ti jẹ mọ́ mílíìkì ò gbọdọ̀ tọ̀dọ̀ wa wọ Yúróòpù. Gààrí wọlé. Ẹ má gbé kẹ́tùlù dání ṣá, nítorí iná, wọ́n á gbà á.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti fọ́tò yẹn. Aṣọ òfì tá a rà ní Ìséyìn, ilé funfun Santorini la rà á fún, ká dúró síwájú ẹ̀. Tísà ní òun ò tún tú u mọ́, kò wúlò. Alhaja ní ṣé torí ilé onílé lo ṣe wọṣọ ni? Bó ṣe di alẹ́ tí wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ múra, a wọ̀ ọ́, a wé gèlè, a jáde sí dẹ́kì. Yé! Meltemi gbé gèlè Ìyá Ìbejì, ọpẹ́lọpẹ́ òyìnbó kan tó fò mú un. Kó tó ṣẹ́jú, àwọn èèyàn ti tò, ti Jámánì, ti Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ bá wa yà á, onífọ́tò inú ọkọ̀ tó máa ń ta fọ́tò lówó gọbọi wá ń yà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò tíì rí òde àríyá tó dùn tóyẹn tí ò sí ìlù níbẹ̀.

Dípò Santorini, ọkọ̀ tètè gbé wa dé Heraklion ní Crete, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ní èbúté tó gbé ọkọ̀ dúró dáadáa. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Knossos, kò ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún lọ, ààfin àtijọ́ tí Arthur Evans bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní 1900. Ó fi kọnkéré tún apá kan kọ́, ó kun òpó rẹ̀ ní pupa, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá a jà lórí ẹ̀, èmi ò bá a jà, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkúta lásán ni ǹ bá rí. Àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń pa epo ólífì mọ́ ga ju èèyàn lọ, Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n ta ọ̀kan fún òun. Ní ìlú, a rí i pé wọ́n ń jẹ ìgbín! Kéékèèké ni, tìkarahun-tìkarahun ni wọ́n ń dín in nínú epo ólífì, wọ́n á da fíníkà lé e. Alhaja ò jẹ ẹ́, ó ní ẹja la máa fún òun. Àwa yòókù jẹ ẹ́ tán, a tún béèrè.

Rhodes lọ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀gbẹ́ odi ìlú àtijọ́ gan-an ni ọkọ̀ dúró sí, ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé.

Ìnṣọ́ránsì Dókítà tó rà ní London san nǹkan díẹ̀ lórí èbúté méjèèjì. Tiwa, tá a rà nílé nítorí físà, ti ìwòsàn ni, 30,000 yúrò ó kéré tán ni Schengen ní kó lè gbé, kò sí ọ̀rọ̀ èbúté nínú ẹ̀, a ò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Oṣù karùn-ún là ń wò fún òmíràn, kí meltemi tó jí, Tísà ló kù tó ń wá ẹni tó máa bá a di kíláàsì mú. Owó ìtanràn “ká ní” tó ṣẹ́ kù ṣì wà lọ́wọ́ mi, Ìyá Ìbejì ní kí n dá tòun padà, mo ní kò sí nínú ìwé àdéhùn.